Bí a ṣe ń lo «ẹlẹ́rú» nínú ìtàn ìdílé ilẹ̀ Òkun

Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn ìdílé rẹ̀ ní Kàbà, Yàgbà, Ìjùmú tàbí Búnú, ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, kò ní pẹ́ kan ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun Núpé láti Bídà ń kó ará agbègbè náà lẹ́rú, wọ́n sì ń gba ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀.

Ẹlẹ́rú ni ẹni tí ó ní ẹrú. Ẹ fi àmì òkè sórí fáwẹ̀lì tí ó gbẹ̀yìn, torí pé ẹlẹ́rù ni ẹni tí ó ni ẹrù. Láìsí àmì, òwe tí ó ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù kò ní yé ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó pe ènìyàn ní ẹlẹ́rú, ẹ wádìí ohun tí ó so òun àti ẹni tí ń sìn ín pọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Láyé àtijọ́, bí baba bá yá owó, tí ó sì fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí ó yá a lówó, ìwọ̀fà ni ọmọ náà: iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún èlé, ọjọ́ tí wọ́n bá san gbèsè ni ó ń padà sílé. Ẹrú kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àfi bí ará ilé rẹ̀ bá rà á padà tàbí bí ẹlẹ́rú bá dá a sílẹ̀. «Olówó» nìkan kò tó láti fi ìyàtọ̀ hàn, nítorí pé ẹrú àti ìwọ̀fà ni wọ́n jọ ń pe ẹni tí wọ́n ń sìn bẹ́ẹ̀, aya pàápàá sì ń pe ọkọ rẹ̀ ní olówó orí òun. Bákan náà, jagunjagun tí ó kó ènìyàn, tí ó sì tà á lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ẹlẹ́rú rẹ̀. Ẹni tí ó rà á, tí ó ń lò ó, ni.

Ẹ kọ ọdún sí i. Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìíní ọdún 1897, ìjọba Lugard, gómìnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá Nàìjíríà, sì fi òfin fagi lé ipò ẹrú ní 1901, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹrú ni ó gba òmìnira lọ́jọ́ náà.

Ní ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá, «ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú» dára ju «ẹrú» lásán lọ. Bí alàgbà bá sì sọ fún yín pé ọmọ ẹrú ni agbo ilé kan, ẹ má ṣe tẹ orúkọ wọn jáde, nítorí pé ìjà ilẹ̀ àti oyè ṣì lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.