Bátìrì kọ́ ló ń ṣe é

Torí ariwo kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ rẹ̀ (èyí tí kì í ṣiṣẹ́ nínú ọ́ìlì), tó ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ni mo ṣe ra alùpùpù Ítálì ọdún 1993 yìí. Ìyàwó mi ní ariwo lásán ni. Alùpùpù náà wá ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín títì London. Mo ra bátìrì tuntun méjì, owó ṣòfò. Nígbà tí mo fi mítà wọn bátìrì náà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, fólítì 12.3 péré ni mo rí, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó 14. Mo tọ wáyà títí dé ibi tí ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó ń dá iná padà sí bátìrì) ti so mọ́ férémù: ó ti dípẹtà, ọ̀dà tún wà lábẹ́ rẹ̀! Mo fi sáńpépà ha á kan irin, mo dè é le, mo fi gírísì bò ó. Fólítì 14.1.