Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣọ́ ẹnu yín lọ́jọ́ tẹ́ ò sùn tó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé bú ara yín ní ọ̀kánjúwà torí pé ẹ jẹ odindi páálí bisikíìtì lọ́jọ́ tẹ́ ò sùn dáadáa. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Họ́mónù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ sí ara ẹ̀, kan wà tí wọ́n ń pè ní ghrelin, inú ikùn ló ti ń jáde, òun ló ń ké sí ọpọlọ pé ebi ti dé, èkejì ni leptin tó ń wá látinú ọ̀rá ara, òun ló ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Lọ́dún 2004, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Chicago ní kí ọ̀dọ́kùnrin 12 tára wọn le lo wákàtí 4 péré lórí bẹ́ẹ̀dì fún òru 2, nígbà míì wọ́n á jẹ́ kí wọ́n lo wákàtí 10. Nígbà tóorun kéré, leptin fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀, ghrelin fi 28 gòkè, ẹ ẹ̀ wá rí wàhálà. Nǹkan dídùn, ìpanu oníyọ̀ àti oúnjẹ onísítáàṣì ló sì ń wù wọ́n jẹ, ta ló ń wá ẹ̀fọ́ nírú àsìkò yẹn?

Ahọ́n ńkọ́? Ahọ́n ò bà jẹ́ o, ẹ ṣì máa mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà, àmọ́ ìwọ̀n ṣúgà tó ń tẹ́ yín lọ́rùn tẹ́lẹ̀ lè má tó mọ́. Torí náà lọ́jọ́ yẹn, ṣíbí ni kẹ́ ẹ fi wọn ṣúgà àti iyọ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń wọ̀n ọ́n, ẹ má máa tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ máa bù kún un.

Òru gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Wákàtí 7 ó kéré tán ni àgbàlagbà nílò. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2022 lo èèyàn 80 tó sanra ju bó ṣe yẹ, tí wọn kì í sùn tó wákàtí 6 àtààbọ̀, wọ́n kọ́ àwọn kan nínú wọn bí wọ́n ṣe lè fi bíi wákàtí kan lé díẹ̀ kún oorun wọn, ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n din oúnjẹ kù o, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ fi nǹkan bíi kálórì 270 (kálórì la fi ń wọn agbára inú oúnjẹ) dín sí tàwọn tó ń sùn bí wọ́n ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn rọrùn ju kéèyàn máa ka kálórì kiri lọ.

Ẹ mú aago tẹ́ ẹ fẹ́ jí, kẹ́ ẹ ka wákàtí 8 sẹ́yìn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pa fóònù tì. Kọfí, ẹ fi mọ sí ọ̀sán, torí lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5 tẹ́ ẹ mu ún, ìdajì káfíìnì inú ẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń lé oorun lọ, ṣì lè wà lára. Tíì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò aláwọ̀ dúdú náà ní in. Oúnjẹ tó bá wúwo, ẹ jẹ ẹ́ ní wákàtí 2 sí 3 kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀ kó má lọ máa ta yín láyà. Ọtí líle ń tètè múni sùn lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń dá oorun já láàárín òru.

Tílẹ̀ bá ti wá mọ́, tójú ń pọ́n, tí oorun ò tó? Ẹ fi ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀, ẹ má fi tíì oníṣúgà nìkan gbé e. Ẹ pinnu ohun tẹ́ ẹ máa jẹ lọ́sàn-án kébi tó dé, torí apá ọpọlọ tó ń bá wa ro nǹkan kì í mú mọ́ téèyàn ò bá sùn. Ẹ gbé ìpanu kúrò níbi tọ́wọ́ lè tó, ẹ má sì lọ sọ́jà lébi. Tó bá rẹ̀ yín lọ́sàn-án, ẹ rẹjú fún bíi ogún ìṣẹ́jú kí aago 3 tó lù. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù, torí ẹni tó ń pẹ́ sùn, ẹ̀yìn oúnjẹ alẹ́ ló máa ń jẹ àjẹkún.

Àmọ́ tẹ́ni kan bá ń sùn wákàtí 8, tó ń hanrun burúkú, tí èémí ẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, tó sì ń tòògbé lọ́sàn-án gangan, kó lọ rí dókítà.