Ìlà òkè gbẹ, ìlà ìsàlẹ̀ jẹrà: ohun tí ojú mi rí nídìí ẹ̀fọ́ ara ògiri

₦45,000 ni mo ná kí ẹ̀fọ́ ara ògiri ẹ̀yìnkùlé mi ní Mọ́kọ́lá má baà máa gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. ₦18,000 nínú ẹ̀ bá púlọ́ńbà lọ lásán, ó sì ń dùn mí dòní.

Kíkan pákó mọ́ ògiri àti gbígbin ẹ̀fọ́ sínú ike kò le. Ìlà mẹ́rin ni. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sókè, mo fa rọ́bà tín-ín-rín sí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo dá a lu wẹ́wẹ́ kí omi máa kán fúnra ẹ̀. Mi ò fẹ́ pọ́ǹpù, ta ló fẹ́ máa dúró de iná?

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ṣọkọ òkè fi rọ, tí ewé ti ìsàlẹ̀ ń pọ́n, tí gbòǹgbò ẹ̀ ń jẹrà. Púlọ́ńbà dé: "Mọ̀mí, ihò ló dí." Ó pààrọ̀ rọ́bà, pàbó. Ó tún padà wá: "Kẹ́ẹ̀gì yìí ló kéré, Mọ̀mí, tááǹkì ló yẹ ká gbé síbẹ̀." Mo tún sanwó. Èyí ló bí mi nínú jù! Bí tááǹkì fẹ̀ tó ilé, kò fi agbára kankan kún omi. Bí ojú omi bá ṣe ga tó ni.

Èmi fúnra mi ni mo rídìí ẹ̀. Mo gbé agolo mílíìkì kan sábẹ́ ihò kan ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tí ti ìsàlẹ̀ kún dẹ́nu, ti òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì. Ìlà òkè fi nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà rẹlẹ̀ sí ojú omi, ti ìsàlẹ̀ fi mítà 2. Omi tó bá jìn sísàlẹ̀ ló ń fipá jáde jù. Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ọmọ wá wò ó. Ẹ gbé agolo síbẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́.

Mo yọ rọ́bà ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀ dànù. Òkè nìkan ni omi ń kán sí báyìí. Mo lu ìdí ike kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣẹ́ kù á kán sínú ike abẹ́ ẹ̀, títí dé inú abọ́ tó wà nílẹ̀. Ṣọkọ tó fẹ́ràn omi wà lókè, ata wà nísàlẹ̀.

Tááǹkì tí púlọ́ńbà gbé wá tún wá jẹ́ funfun. Oòrùn ń wọnú ẹ̀, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú omi, ìyẹn gan-an ló wá ń dí ihò. Mo fi ọ̀dà dúdú kùn ún, mo so aṣọ mọ́ ibi tí omi ń gbà wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lo ọjọ́ mẹ́ta ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo dé, ṣọkọ dúró ṣánṣán, mo já ti ọbẹ̀ alẹ́ kí n tó tú ẹrù.