Heteroclarias inú pọ́ǹdù ò gbé fíláì mi, ohun tó padà ṣiṣẹ́ rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fíláì pẹja, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ wé kó lè jọ kòkòrò, bí heteroclarias ò bá gbé tiyín, ẹ wo èyí. Ẹja tí wọ́n fi Clarias àti Heterobranchus, oríṣi ẹja àrọ̀ méjì, bí ni, agbára ẹ̀ lẹ́nu ìwọ̀ kì í ṣe kékeré.

Pọ́ǹdù bọ̀ọ̀dá mi kan n'Íjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń jù ú. Ẹja ń ta lójú omi, wọn ò tiẹ̀ ka ìwọ̀ mi sí. Ìyẹ́ funfun tó jọ ẹja wẹ́wẹ́, rárá. Pupa, rárá. Dúdú tó ń rì, ẹja ẹyọ kan gbé e, ló bá tán.

Ìgbà tí bọ̀ọ̀dá ń da fíìdì ló tó yé mi, fíìdì tó ń léfòó ni wọ́n mọ̀ lóúnjẹ, ó rí búráùn, kò tóbi ju 6mm lọ, kì í sì í sáré. Mo bá gé fóòmù sílípáàsì búráùn kan tó ti gbó, mo gé e rogodo bíi fíìdì gẹ́lẹ́, mo fi òwú dè é mọ́ ìwọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu ìwọ̀ yọ síta dáadáa o. Bọ̀ọ̀dá da fíìdì, mo ju tèmi sáàárín ẹ̀, mi ò fà á rárá, kò pẹ́ tí okùn fi le gan-an, inú mi dùn débi pé mo pariwo!

Ìrọ̀lẹ́ tébi ti ń pa wọ́n ló dáa jù. Ti odò yàtọ̀ ṣá, ẹja tí ò mọ fíìdì lè má wo ibẹ̀, dúdú tó ń rì tó jọ ekòló ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán wò níbẹ̀.