Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá owó yín tó wà lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì wà níbi tó yẹ kó wà

Ní Ìgbọ̀nà níbí, ìyá elélùbọ́ ń gba tránsífà, ọmọ tó ń ta káàdì ń gba tránsífà, owó gbogbo wa ti wọnú fóònù tán. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá wa tọ́jú ẹ̀? Bẹ́ ẹ ṣe máa wádìí ẹ̀ rèé.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú láísẹ́ǹsì tí kọ́ńpìnnì tó ń bá yín tọ́jú owó ní. Ẹ lọ sí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn, ẹ fà á lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ní lẹ́tà tíńtìntín, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá orúkọ yẹn lórí lísìtì CBN, ìyẹn báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fúnra yín. Tó bá jẹ́ ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ okòwò lásán, nìkan ni wọ́n ń fi hàn yín, ẹ dákun ẹ máa bá tiyín lọ o, télọ̀ àdúgbò mi náà ní CAC.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ láísẹ́ǹsì ni pé báǹkì kì í ya owó yín sọ́tọ̀, ó ń fi yá ẹlòmíì ni, ìyẹn ni NDIC, àjọ tó ń san owó padà fáwọn oníbàárà tí báǹkì bá kú, ṣe wà. Láti May 2024, tí báǹkì ńlá bá kógbá sílé, NDIC máa san tó ₦5,000,000 fún ẹnì kan, ti microfinance, ìyẹn báǹkì kéékèèké, jẹ́ ₦2,000,000, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn áàpù tá a rò pé báǹkì ńlá ni, microfinance ni wọ́n. Àkáǹtì mẹ́ta nínú báǹkì kan náà, àpapọ̀ wọn ni wọ́n máa kà o. Tó bá ju iye yẹn lọ, ẹ máa dúró dìgbà tí wọ́n bá ta dúkìá báǹkì tí wọ́n sì gba gbèsè tó wà níta. Nígbà tí CBN gba láísẹ́ǹsì Heritage Bank ní June 3, 2024, BVN ni NDIC fi wá àkáǹtì táwọn èèyàn ní sí báǹkì míì tó sì sanwó síbẹ̀, nítorí náà ẹ ní àkáǹtì síbòmíì, kí BVN sì wà lórí méjèèjì.

Ti mobile money, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú owó sórí fóònù àmọ́ tí wọn kì í ṣe báǹkì, yàtọ̀. Àwọn yẹn ò láṣẹ láti fowó yín yáni tàbí kí wọ́n fi sanwó oṣù, inú àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní báǹkì ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹ béèrè pé báǹkì wo ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́bí ní ìlú ọba, òfin ọ̀dọ̀ wọn ní kí áàpù tó ń fowó ránṣẹ́ máa dáàbò bo owó látìgbà tó bá ti wọlé, tó bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn títí dìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kejì, ó ti gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tàbí lábẹ́ ààbò míì tí òfin fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n FSCS tó ń san owó báǹkì tó bá kú lọ́hùn-ún kì í san ti áàpù tó bá kú, torí náà kí wọ́n má jẹ́ kówó sùn síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ṣíà, ìyẹn ìpín nínú kọ́ńpìnnì, lẹ fẹ́ rà, SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ṣíà, ló ń fún bíróókà tó ń bá yín rà á láṣẹ. Ẹ gba nọ́ńbà yín ní CSCS, ibi tí wọ́n ń kọ ẹni tó ni ṣíà sílẹ̀ sí, ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò pé ṣíà yẹn wà lórúkọ yín.

Èyí tó wá rọrùn jù ni pé tẹ́ ẹ bá ń fowó ránṣẹ́ sí kọ́ńpìnnì, tẹ́ ẹ sì tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tán, orúkọ máa yọ kẹ́ ẹ tó fi PIN sí i. Tó bá jẹ́ orúkọ ọ̀gbẹ́ni ejẹ́ǹtì ló yọ dípò orúkọ kọ́ńpìnnì, ẹ kánsù ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó báà jẹ́ ọmọ ìyá yín.