Bí a ṣe ń fi pàǹtírí ọjà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ajílẹ̀

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìlú tí à ń kó àwọn ọ̀dọ́ sí kò ju kí wọ́n gbálẹ̀ ọjà, kí wọ́n ya fọ́tò, kí oníkálùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ọjà á mọ́ fún ọjọ́ méjì, àmọ́ ẹni tó gbá a kò mọ nǹkan kan tó lè fi wáṣẹ́. Tí ẹ bá ń darí àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń ṣe CDS (iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n ń ṣe lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀), tàbí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi pàǹtírí ọjà ṣe ajílẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni, ó ṣeé wọ̀n, ó sì ṣeé tà.

Ìyálọ́jà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ rí. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti ọlọ́sàn-án gbé àpò méjì sí ìdí àtẹ wọn: ọ̀kan fún ewé, èèpo àti èso tó ti rà, ìkejì fún ọ̀rá. Ibi tí ẹ fẹ́ lò gbọ́dọ̀ ní ibòji, kí omi má máa dá dúró sí i, kí ó sì jìnnà sí kànga tó 30 mítà. Ẹ wá ṣọ́bìrì, fọ́ọ̀kì gígùn, bárò, tapólì, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń so kọ́, ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà òjò. Àfọ́kù ìgò pọ̀ nínú pàǹtírí, nítorí náà kí ẹni tí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lọ gbà á kó tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí àwọn mẹ́ta ni òkìtì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí òkìtì bá ti jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́, kì í pẹ́ tí kò fi ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ CDS kan lọ́sẹ̀ kò sì tó. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Kíkó òkìtì jọ

Fún òkìtì tó fẹ̀ tó sì ga ní 1.2 mítà, ẹ nílò nǹkan bí 20 àpò ìrẹsì ńlá: 12 ewé gbígbẹ, 7 pàǹtírí tútù, 1 ìgbẹ́ adìyẹ. Ẹ lè fi lẹ́búlẹ́bú pákó rọ́pò méjì nínú ewé gbígbẹ, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kì í tètè jẹrà; tí wọ́n bá sì ti kun pákó náà ní oògùn kòkòrò, ẹ má fi kàn án rárá. Ẹ yọ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kúrò pátápátá. Ẹran àti ẹja kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, eku àti ajá ni wọ́n ń pè.

Ẹ to ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹ gé ohun tó gùn sí wẹ́wẹ́, ẹ pò gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i bí ẹ ṣe ń pò ó. Tí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tí ẹ fún un, ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde. Tó bá ń ṣàn, omi ti pọ̀ jù.

Ooru ni yóò sọ bó ṣe ń lọ

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, àárín òkìtì yẹ kó gbóná dé 55 sí 65 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ẹ fi tẹmọ́mítà tó ní ọ̀pá gígùn wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta. Bí kò bá sí, ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá ń jóni lọ́wọ́ nígbà tí ẹ fà á yọ, ó ń ṣiṣẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ooru fi wà ní 55 sókè, ẹ yí i ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ sáàárín. Ooru yìí ló ń pa kòkòrò àrùn àti irúgbìn èpò. Tó bá kọjá 65, ẹ yí i kíá, torí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ẹ́ rà náà yóò kú.

Òórùn bí ìtọ̀ tó kan túmọ̀ sí pé ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ewé tútù ti pọ̀ jù. Ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ túmọ̀ sí pé omi ti dí afẹ́fẹ́ lọ́nà: ẹ tú u, ẹ da ewé gbígbẹ sí i, kí ẹ sì fi tapólì bò ó tí òjò bá ń rọ̀. Bí kò bá gbóná rárá, ó lè jẹ́ pé ó gbẹ tàbí pé ó kéré. Ẹ má tètè bá wọn ṣe é. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta tó ni ín pé kí ló fà á, kí wọ́n wò ó nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn.

Ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju òkìtì lọ: ọjọ́, iye kílò tó wọlé, ooru níbi mẹ́ta, ohun tí wọ́n ṣe, ìdí tí wọ́n fi ṣe é.

Gbígbó àti títà

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà, ẹ máa yí òkìtì lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ títí yóò fi tutù, kí ẹ wá fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ gbin ẹ̀wà 10 sínú ajílẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ pò ní dọ́gbadọ́gba, kí ẹ gbin 10 mìíràn sínú iyẹ̀pẹ̀ lásán. Bí ti ajílẹ̀ bá hù díẹ̀ tàbí tí ewé rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, kò tíì gbó.

Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dì í sínú àpò 25 kílò. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì àti àwọn olóko ẹ̀fọ́ ló ń rà á. Kí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ṣírò iye tí wọn yóò tà á: owó ọkọ̀, àpò, ìgbẹ́ adìyẹ, àti owó iṣẹ́ tiwọn pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá yọ owó iṣẹ́ kúrò nínú ìṣírò yóò jẹ gbèsè lọ́jọ́ tó bá fi í ṣe òwò.

Ìwé ẹ̀rí tó kàn sọ pé “ó kópa” kò sọ nǹkan kan fún agbanisíṣẹ́. Ẹ kọ iye kílò tó wọlé àti iye tó jáde sí i, ooru tó ga jù tí òkìtì rẹ̀ dé, àti iye àpò tó tà, kí ẹ sì jẹ́ kó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání lọ.