Bí a ṣe ń dá òṣíbàtà mọ̀ lójú omi, àti bí a ṣe ń wò ó bóyá ààyè ṣì gbà á

Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó ewé méjèèjì síwájú ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣe àmín sí i, a ò ní mọ èwo ni èwo. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òṣíbàtà ṣì ń ṣe dáadáa ní àbàtà àdúgbò rẹ̀, ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́ mú àkókò. Òṣíbàtà funfun, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Nymphaea lotus, alẹ́ ló ń tanná. Bí oòrùn bá ti mú, á pa ẹnu dé. Ẹni tó dé etí omi lọ́sàn-án gangan á ní kò tanná rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló pẹ́ dé. Aago méje àárọ̀ dára. Ìgbà òjò ni kẹ́ ẹ lọ, torí níbi tí omi ti ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, iṣu rẹ̀ ló máa ń sá pamọ́ sínú ẹrẹ̀ títí òjò á fi dé. Ẹ má ṣe wo àbàtà gbígbẹ nínú oṣù kejì kẹ́ ẹ ní ó ti kú.

Omi tó dúró sójú kan tàbí tó ń rọra ṣàn ló fẹ́: etí dáàmù, kòtò omi òjò, àbàtà ẹ̀gbẹ́ odò. Bẹ́ ẹ bá bá apẹja tàbí olóko àkùrọ̀ níbẹ̀, ẹ kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó ni ibẹ̀ àti bóyá odò náà ní èèwọ̀. Ẹni tó ń pẹja níbẹ̀ lójoojúmọ́ mọ ìtàn omi náà ju ìwé lọ. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán wọnú omi o. Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ìgbín kéékèèké tó ń tan àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀ (bilharzia) ń gbé. Ẹ wọ bàtà òjò, tàbí kẹ́ ẹ dúró sí gbígbẹ.

Ó wá kan ewé. Ti òṣíbàtà tẹ́jú sójú omi, ó rí róbótó, ó sì là láti etí dé ibi tí ọ̀pá rẹ̀ ti so mọ́ ọn. Ẹ wo etí rẹ̀: eyín ṣóńṣó ló wà níbẹ̀ bíi ti ayùn. Ẹ yí i padà: ìsàlẹ̀ sábà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iṣan rẹ̀ á sì yọ gànnàkù débi tí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Bẹ́ ẹ bá gé ọ̀pá ewé kan, ẹ ó rí àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ dé inú ẹrẹ̀. Ojúoró kò ní ọ̀pá. Ewé rẹ̀ kóra jọ lójú omi, ó ní irun múlọ́múlọ́, òdòdó rẹ̀ sì kéré débi pé ẹni tí kò wá a kò ní rí i. Bẹ́ ẹ bá rọra fa ojúoró, tòun ti gbòǹgbò ló ń bọ̀. Òṣíbàtà kò ní gbà, ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Water hyacinth, ewéko omi mìíràn, náà ń léfòó, òdòdó rẹ̀ jọ àwọ̀ àlùkò, ọ̀pá ewé rẹ̀ sì wú.

Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni òdòdó là, tí ọmọ kékeré ń hù lórí ewé níbi tí ọ̀pá ti so mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Nymphaea micrantha, ìbátan rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ẹ ya fọ́tò òdòdó, etí ewé àti ìsàlẹ̀ ewé, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti ibi. Kò sí ìdí láti ka ewé. Ẹ fojú pín omi sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ kọ iye ìdá tí òṣíbàtà bò. Lọ́dún tó ń bọ̀, nínú oṣù kan náà, ẹ padà síbẹ̀.

Ẹ ó gbọ́ pé IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkójọ àwọn ohun abẹ̀mí tó wà nínú ewu, kò kà á mọ́ ewéko tó wà nínú ewu. Òótọ́ ni: ipò "Least Concern" ló wà, nítorí ó hù láti Íjíbítì títí dé gúúsù Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ayé lápapọ̀ nìyẹn. Ní Romania, òṣíbàtà irú èyí wà tẹ́lẹ̀ nínú adágún omi gbígbóná kan, Pețea. Wọ́n fa omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ jù, adágún gbẹ, ipò òṣíbàtà nínú ìwé IUCN kò sì yí padà. Bákan náà, nígbà tí Nàìjíríà fi mẹ́wàá kún àbàtà rẹ̀ tó wà lábẹ́ àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo àbàtà, ní 2008, tó di 11, kò sí ọ̀kan nínú wọn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tó ń gbé létí omi ni olùṣọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń lé e lọ: yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń dí àbàtà kí wọ́n lè kọ́lé, oògùn apakòríko tí òjò ń gbá wọnú omi, àti water hyacinth, tó ti wà ní Nàìjíríà láti 1984, tó máa ń bo ojú omi kí ìmọ́lẹ̀ má ráyè wọlé. Èmi ò dá olóko àkùrọ̀ lẹ́bi jù. Ẹni tó ń dí gbogbo rẹ̀ pa ló ń bí mi nínú. Ẹ fi ọwọ́ kó water hyacinth jáde sí orí ilẹ̀ gbígbẹ, jìnnà sí omi, ẹ má sì gbé e lọ sílé nítorí ẹwà. Bó bá jẹ́ pé ewé òṣíbàtà lẹ fẹ́ lò fún oògùn, ẹ já ewé, kẹ́ ẹ fi iṣu sílẹ̀. Inú Old Oyo National Park ńkọ́? Ibẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já nǹkan kan. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ lọ bá àwọn onímọ̀ ewéko ní yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́. Fọ́tò ìsàlẹ̀ ewé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n.